Ẹ má fi ẹnì kankan sílẹ̀ nínú ihò o! Ohun tí ojú yín máa rí nínú Deep Rock Galactic, géèmù àwọn aràrá awakùsà

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìdó dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ti sọ̀kalẹ̀ lórí afárá Carter ní ìrọ̀lẹ́ rí, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ò ní í ṣòro fún yín. Bí tírélà bá dé láti Òkè Ọya, tó fẹ́ já ẹrù, ẹ wo àwọn alábàárù bí wọ́n ṣe máa yí i ká. Ọ̀kan á gorí ọkọ̀, ọ̀kan á dúró nísàlẹ̀ kí wọ́n gbé àpò lé e lórí, ọ̀kan á di ìdí àpò mú kó má baà yẹ̀, ẹlòmíì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó ń ka iye tó ti bọ́ sílẹ̀. Wọ́n á pariwo mọ́ra wọn, wọ́n á bú ara wọn, wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó jẹ́ sọ pé òun nìkan lòun já tírélà. Bí ẹni tó di ìdí àpò mú bá fọwọ́ sílẹ̀, ọrùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló máa gbọ́ ọ.

Géèmù kan ti wà lóde tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń já tírélà ní Ìdó gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń gbá a. Deep Rock Galactic lorúkọ ẹ̀. Kì í ṣe irú géèmù bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ wa ń gbá ládùúgbò, tí ẹni méjì á jókòó, tí ọ̀kan á na èkejì, tí ẹni tí wọ́n nà á wá máa wá ìjà. Nínú eléyìí, ẹ ò ní í na ara yín. Ẹ̀yin mẹ́rin lẹ máa wọ inú ihò pọ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n rán gbogbo yín, ẹ máa wa kùsà, ẹ máa yìnbọn. Bó bá dáa, gbogbo yín lẹ jọ jẹ ẹ́. Bó bá bàjẹ́, gbogbo yín lẹ jọ gbé e.

N ò ní í purọ́ fún yín, ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Ìdó kọ́kọ́ pè mí sí i, ẹ̀rín ni mo fi rín in. Mo ní kí ló kan àgbàlagbà tó ń sanwó ilé, tó ń sanwó ilé-ìwé ọmọ, nínú géèmù? Àmọ́ ó ní kí n wá wò ó lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan lẹ́yìn tí òun bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹni mẹ́rin la jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mẹ́rin: bọ̀dá onífọ́tòkọ́pì fúnra ẹ̀, ọmọkùnrin mẹkáníìkì kan láti Òyìngbò, ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Yábàá, àti èmi akọ̀ròyìn yín. Látọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé.

Àwọn wo ló ṣe é?

Iléeṣẹ́ Ghost Ship Games ló ṣe é, Copenhagen tí í ṣe olú-ìlú Denmark ni wọ́n wà. Ọdún 2016 ni wọ́n dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀. Lóṣù kejì, ọdún 2018, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé géèmù ọ̀hún síta láìtíì parí ẹ̀, kí àwọn tó ń gbá a lè máa sọ ibi tó kù sí fún wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 13, oṣù karùn-ún, ọdún 2020, wọ́n ní ó ti pé wàyí. Orí kọ̀ǹpútà àti Xbox ló kọ́kọ́ wà, oṣù kìíní ọdún 2022 ló tó dé orí PlayStation.

Ìtàn tó wà nínú ẹ̀ ò gùn rárá. Àwọn aràrá kan ni, onírùngbọ̀n, alágídí, ọ̀mùtí, tí wọ́n ń bá kọ́ńpìnnì awakùsà kan ṣiṣẹ́. Kọ́ńpìnnì yẹn ló ń jẹ́ Deep Rock Galactic. Inú ayé kan tó jìnnà sí tiwa, tí wọ́n ń pè ní Hoxxes, ni kùsà wà. Ọ̀gá wọn ò bá wọn wọlẹ̀ o. Òkè lọ́hùn-ún ló jókòó sí, ohùn ẹ̀ nìkan lẹ máa gbọ́, tó ń pàṣẹ pé ẹ tètè, ẹ ṣe báyìí, ẹ ṣe bọ̀hún. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ Èkó, mo mọ̀ pé irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ò ṣàjèjì sí yín.

Òkùnkùn biribiri

Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bá pàdé ni òkùnkùn. Kì í ṣe òkùnkùn eré. Ihò náà dúdú ju ojú ọ̀nà tí NEPA ti múná lọ lọ. Tọ́ọ̀ṣì kékeré kan ló wà lórí yín, iná àtọwọ́jù díẹ̀ sì wà lápò yín tẹ́ ẹ lè máa jù sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ díẹ̀, ó máa kú. Ẹni tó bá sì rò pé òun ti mọ ihò kan tán, irọ́ ló ń pa, torí kọ̀ǹpútà ló ń ya ihò tuntun ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gba iṣẹ́ tuntun. Ẹ lè fi dígà wó ògiri èyíkéyìí, kẹ́ ẹ la ọ̀nà gba ibi tó bá wù yín.

Lẹ́yìn òkùnkùn ni àwọn tó ni ilé. Àwọn kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Glyphid, bí aláǹtakùn ni wọ́n rí, àwọn kan kéré, àwọn kan tóbi bí ọkọ̀. Wọ́n lè gun ògiri, wọ́n lè rìn lórí òrùlé ihò. Òmíì máa ń bú gbàù tó bá ti sún mọ́ yín. Òmíì máa ń ta oró láti ọ̀ọ́kán. Èyí tí mo kórìíra jù ni Cave Leech, tó máa ń lẹ̀ mọ́ òrùlé láìpariwo. Ẹ ò ní í rí i. Ẹ kàn máa rí i pé ẹsẹ̀ yín ti kúrò nílẹ̀, ó ti ń fà yín lọ sókè, ẹ ò sì ní í lè yìnbọn. Ẹlòmíì ló gbọ́dọ̀ gbójú sókè, kó yìn ín kẹ́ ẹ tó bọ́. Bí ẹ bá ti rìn jìnnà sí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín, ó parí nìyẹn.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tiẹ̀

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Orí òwe yìí gan-an ni wọ́n kọ́ géèmù náà lé. Oríṣi òṣìṣẹ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kálukú á mú ọ̀kan.

Scout ni aṣíwájú. Ó ní ìkọ́ olókùn kan tó máa ń yìn lọ mọ́ ògiri, á sì fò lọ bá a lókè. Òun náà ló ní ìbọn iná tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo ihò. Bí Scout bá ya ọ̀lẹ, inú òkùnkùn ni gbogbo yín wà.

Engineer ni oníṣẹ́ ọwọ́. Ó máa ń yin pèpéle mọ́ ara ògiri kí èèyàn lè rí ibi dúró. Ó tún ní ìbọn tó lè gbé kalẹ̀ tí á máa dá yìn fúnra ẹ̀.

Driller ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ilẹ̀, bí irú èyí tí wọ́n fi ń gbẹ́ bọ́ọ̀hòólù. Ibi tí àwọn yòókù máa fi wákàtí kan yípo, òun á gba àárín òkúta kọjá bí ẹni ń fi ọ̀bẹ gé ẹ̀bà. Ó tún ní ẹ̀rọ tó ń tu iná àti bọ́ǹbù kan báyìí. Ẹ ṣọ́ra fún un! Ìbọn àti bọ́ǹbù nínú géèmù yìí ò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá, ó ń ba ẹlẹgbẹ́ ẹni náà. Ọmọbìnrin akọ̀wé yẹn ló mú Driller lálẹ́ ọjọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀mejì ló fi bọ́ǹbù gbé èmi àti bọ̀dá onífọ́tòkọ́pì ṣánlẹ̀, tó ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sà,” tẹ̀rín sì ti fẹ́ pa á.

Gunner ni jagunjagun. Òun ló ru ìbọn ńlá tí àwọn kòkòrò ń bẹ̀rù. Ó ní wáyà tó máa ń ta láti òkè kan dé òkè kejì kí gbogbo èèyàn lè gun orí ẹ̀ kọjá ọ̀gbun. Ó sì ní ààbò kan tó máa ń jù sílẹ̀, tí kòkòrò ò ní í lè wọ ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́ o. Góòlù wà lára ògiri lókè téńté. Scout lè fò débẹ̀, ṣùgbọ́n kò ríbi dúró, ó máa já bọ́, ẹsẹ̀ á dá. Engineer á yin pèpéle sábẹ́ góòlù náà, Scout á wá fò lọ bà lé e, á sì máa fi dígà wà á. Gunner á dúró nísàlẹ̀, á máa lé kòkòrò. Driller á ti lu ọ̀nà sílẹ̀ tí wọ́n máa gbà padà. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló wa góòlù yẹn?

Iṣẹ́ tí wọ́n máa rán yín

Iṣẹ́ náà pọ̀ ní oríṣiríṣi. Nígbà míì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ wa kùsà aláwọ̀ búlúù kan tí wọ́n ń pè ní Morkite títí tó fi máa pé iye tí wọ́n fẹ́. Nígbà míì, ẹyin kòkòrò ni wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ hú. Ó lè jẹ́ páìpù lẹ máa tò láti orí kànga kan dé ibi ẹ̀rọ, tí kòkòrò á máa já a, tẹ́ ẹ ó sì máa sáré lọ tún un ṣe. Ó lè jẹ́ ẹ̀rọ ńlá kan lẹ máa sìn lọ sínú ilẹ̀, ó lè jẹ́ àgbà kòkòrò kan lẹ máa pa, ó sì lè jẹ́ ẹ̀rọ àwọn kọ́ńpìnnì míì lẹ máa lọ bà jẹ́. Iṣẹ́ kan lè gbà tó ìdajì wákàtí, òmíì lè dín, òmíì lè lé. Èyí dáa fún ẹni tó máa jí lọ síbi iṣẹ́ ní àárọ̀ kùtù.

Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan ń tẹ̀ lé yín, Molly ni wọ́n ń pè é. Inú ẹ̀ lẹ máa kó kùsà sí bí àpò yín bá ti kún. Ibi tí ọgbọ́n wà rèé o: ohun tí ẹnì kan bá wà, gbogbo yín lẹ jọ ni ín. Kò sí góòlù tèmi, kò sí góòlù tìẹ.

Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò ṣì ráyè débẹ̀. Kùsà pupa kan wà tó ń jẹ́ Nitra. Bẹ́ ẹ bá ti ní 80 nínú ẹ̀, ẹ lè pe ọ̀gá lókè pé kó fi ọta ìbọn ránṣẹ́. Àpótí náà á já bọ́ láti òkè, ìpín mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́rin, ìpín mẹ́rin. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀ tó ní kí ẹnì kan má mú méjì. Ẹni tó bá mú méjì, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kan ló máa fi dígà lásán dojú kọ kòkòrò nígbà tó bá yá. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìwà àwọn èèyàn kan ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ́dún márùn-ún tá a ti jọ ń jẹun.

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó lè ba ọ̀rẹ́ jẹ́

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, ìgbẹ̀yìn ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Bẹ́ ẹ bá ti parí iṣẹ́, ẹ máa tẹ bọ́tìnnì kan lára Molly, ọkọ̀ tó máa gbé yín lọ sókè á sì balẹ̀ níbì kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n fún yín. Molly á máa sáré lọ níwájú, á máa jan iná sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ ọ̀nà, kòkòrò á máa tú jáde láti gbogbo kọ̀rọ̀. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá ti pé, ọkọ̀ ti lọ nìyẹn.

Ẹni tó bá ṣubú ò lè dá dìde, àfi kí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dúró tì í fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó gbé e dìde. Ohun tó sì ń ká mi lára jù nìyí: bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú ẹ̀yin mẹ́rin ló wọ ọkọ̀, iṣẹ́ ti yọrí lójú kọ́ńpìnnì. Kùsà wọn ti dé. Àwọn tó kù sínú ihò, ẹjọ́ tiwọn nìyẹn. Àwọn aràrá fúnra wọn ló máa ń pariwo pé ẹ má fi aràrá kankan sílẹ̀. Òfin àwọn òṣìṣẹ́ ni, kì í ṣe òfin ọ̀gá.

Ó ṣẹlẹ̀ sí wa lọ́sẹ̀ kejì. Èmi ni Scout, mẹkáníìkì ni Gunner. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣubú lálẹ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá gbé mi dìde. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan kí ọkọ̀ lọ, kòkòrò gbé òun náà ṣánlẹ̀. Ó ń pè mí. Mo gbọ́ ọ. Ìkọ́ mi wà lọ́wọ́ mi, mo lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Mo wo aago, mo wo ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, mo bá wọlé lọ. Ọkọ̀ gbéra. Wọ́n kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé a ṣe é yọrí, mo ti fẹ́ máa pàtẹ́wọ́.

Ọmọkùnrin náà yọ earpiece kúrò létí, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ mi. Ẹ gbọ́ mi, ẹ sì lọ.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kí gbogbo ilé, ó gba ilé ẹ̀ lọ. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò wá. Bọ̀dá onífọ́tòkọ́pì ní ṣé kóun wá ẹlòmíì ni? Mo ní rárá.

Mo rìn lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Òyìngbò. Abẹ́ ọkọ̀ ló wà. Mo ní, “Àbúrò, mo wá bẹ̀ ẹ́ ni.” Ó ní géèmù lásán ni, sà. Ṣùgbọ́n kò jáde lábẹ́ ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì dúró. Nígbà tó jáde, ó ní ohun tó dun òun ni pé òun ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí èmi ṣubú. Kí ni mo fẹ́ sọ sí i?

Ó padà wá. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀, òun náà ló tún ṣubú. Gbogbo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la yí padà láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, a ní a máa gbé e. Kòkòrò bò wá, gbogbo wa la kú síbẹ̀, iṣẹ́ bàjẹ́, ìdajì wákàtí ṣòfò. Ẹ̀rín tá a rín lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn aládùúgbò kan ilẹ̀kùn pé kí ló dé.

Ọ̀rọ̀ ihò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nílẹ̀ wa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin Ìdó, ẹ má gbàgbé pé èédú làwọn rélùwéè àtijọ́ ń jẹ kí wọ́n tó lè rìn. Èédú yẹn ò já bọ́ láti ọ̀run. Láti ọdún 1915 làwọn ọkùnrin ti ń wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ wà á ní Enugu. Lọ́jọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1949, nígbà tí àwọn awakùsà Iva Valley àti ìjọba òyìnbó ń fa ọ̀rọ̀ owó wọn, ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn. Èèyàn 21 ló kú. Kì í ṣe kòkòrò ló pa wọ́n o.

Nítorí náà, bí géèmù kan bá fi àwọn òṣìṣẹ́ hàn wá tí ọ̀gá wọn ò béèrè ju kùsà lọ, tí àwọn fúnra wọn wá ní àwọn ò ní í fi ara àwọn sílẹ̀, ọmọ Nàìjíríà ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ẹ̀ fún un.

Kẹ́ ẹ tó náwó yín

Iye tí wọ́n fi sí i lórí kọ̀ǹpútà ni dọ́là 29.99, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń já owó ẹ̀ wálẹ̀ dáadáa látìgbàdégbà, ẹ ní sùúrù. Ẹ má sì ṣèèṣì ra Deep Rock Galactic: Survivor tó kọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ 14, oṣù kejì, ọdún 2024. Orúkọ jọra, àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbá ìyẹn.

Èèyàn méjì ò lè lo ojú tẹlifíṣàn kan ṣoṣo, kálukú gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tiẹ̀ àti géèmù tiẹ̀. Ẹni tó rà á lórí Steam ò lè bá oní-Xbox wọ ihò, bẹ́ẹ̀ ni oní-PlayStation wà lọ́tọ̀. Ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan kẹ́ ẹ tó rà á. Ẹ máa nílò dátà láti gbá a pọ̀. Bí dátà ò bá sí, èèyàn lè dá wọ ihò, wọ́n á fún un ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fò, Bosco, tó máa bá a wa kùsà, tó máa bá a yìnbọn, tó tún lè gbé e dìde. Àmọ́ Bosco ò lè bá yín rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ iná wá ńkọ́? Ẹnì kan nínú yín ló máa gbàlejò àwọn yòókù. Bí iná bá lọ lọ́dọ̀ ẹni yẹn, iṣẹ́ gbogbo yín ti lọ. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì ẹ̀ bá dáa jù ni kẹ́ ẹ fi ṣe olóòtú.

Ìpele ewu márùn-ún ló wà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìkíní tàbí ìkejì. Ẹ máa sọnù nínú ihò, torí àwòrán ọ̀nà tó wà níbẹ̀ ń da orí rú. Bó bá pẹ́, iṣẹ́ náà lè máa jọra lójú yín. Ẹni tó ń wá ìtàn gígùn, kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ọtí wà lókè lọ́hùn-ún, tẹ́ ẹ ti lè mu bíà, kẹ́ ẹ jó, kẹ́ ẹ tó wọlẹ̀. Ẹ sì lè bá àwọn tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ ẹ ò bá gbọ́ èdè ara yín, ẹ máa na dígà sókè, ẹ máa kígbe “Rock and Stone!” Ìyẹn ni ìkíni wọn, gbogbo ayé ló gbọ́ ọ.

Èmi ò ní kẹ́nikẹ́ni fi owó oúnjẹ ra géèmù. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá rí i rà, tẹ́ ẹ sì rí ẹni mẹ́ta bá wọlẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni mo ní kẹ́ ẹ rántí. Bí aago bá ń lọ sópin, tẹ́nì kan sì ń pè yín láti inú òkùnkùn, ẹ yí padà. Kùsà ń bẹ nínú ihò míì.